Orúkọ Àrùn Tí Wọn Kò Sọ fún Evita

Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1951, wọ́n gbé obìnrin kan sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ nítòsí Buenos Aires, wọ́n sì fún un ní oògùn oorun. Ìgbà tó sùn fọnfọn tán ni oníṣẹ́ abẹ kan tí wọ́n pè láti New York, George Pack, tó wọlé. Ó ṣe ohun tó wá ṣe, ó sì ti lọ kí aláìsàn tó lajú. Lójú obìnrin náà, Ricardo Finochietto, dókítà ọmọ ìlú rẹ̀, ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e wọlé.

Eva Perón ni, aya ààrẹ Argẹntínà, tí àwọn mẹ̀kúnnù ń pè ní Evita. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ogunlọ́gọ̀ èèyàn kún títì, wọ́n ń pariwo pé òun làwọn fẹ́ ní igbákejì ààrẹ.

Àìsàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lójijì. Ní oṣù kìíní ọdún 1950, ó dákú níbi ayẹyẹ kan, wọ́n sì yọ apẹ́ńdíìsì rẹ̀. Àwọn kan ní dókítà tó yọ ọ́ fura sí ilé ọmọ, ó ní kí àwọn yẹ ibẹ̀ wò, ṣùgbọ́n Evita kò gbà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá kò rí bẹ́ẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń gba àwọn tálákà lálejò di òru, ara rẹ̀ sì ń joro. A kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyẹn.

Nígbà tí àyẹ̀wò fi jẹjẹrẹ hàn ní 1951, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sọ fún. Àṣà àwọn dókítà ayé ìgbà náà ni, títí dé Amẹ́ríkà. Wọ́n tiẹ̀ ní wọ́n tọwọ́ bọ òṣùwọ̀n tó ń gùn, kó má baà rí bó ṣe ń fúyẹ́ sí i. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìdìbò. Òun ló jà fún òfin 1947 tó fún àwọn obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, orí ibùsùn ló sì ti dìbò tirẹ̀. Ó láṣẹ láti yan ẹni tí yóò ṣàkóso ìlú, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lára.

N kò ní pe ọkọ rẹ̀ ní ìkà. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Aurelia Tizón, kú ní 1938, jẹjẹrẹ ilé ọmọ ló pa òun náà. Ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù ló ń mú èèyàn ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nílé tiwa náà, ẹ ti gbọ́ ọ rí: “Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o, kí àyà wọn má baà já.” Ṣùgbọ́n Màmá tí kò mọ orúkọ àìsàn rẹ̀, báwo ni yóò ṣe béèrè ibi tó tàn dé, ìtọ́jú tó kù, àti ohun tó fẹ́ fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe? Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lójú ara rẹ̀, yóò ní nǹkan oṣù ló ń dàmú òun.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni kí a má fojú di: èyí tó dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ojú ara tó ń rùn tí kò lọ. Síbẹ̀, ó sàn kí a má dúró de àmì rárá. Kòkòrò HPV, tí ìbálòpọ̀ ń gbé kiri, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ yìí. Harald zur Hausen ará Jámánì ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1983. Ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò sì lè ká a mọ́ láàárín àkókò yẹn. Nọ́ọ̀sì lè fi òwú tí wọ́n rẹ sínú omi fínígà nu ẹnu ilé ọmọ, kó sì rí ibi tó bá funfun lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ náà ohun tí abẹ́rẹ́ yẹn wà fún.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1952, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń búra fún sáà kejì, Evita dúró nínú ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn èrò. Wọ́n ní irin tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ onírun rẹ̀ ló gbé e dúró. Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù keje, ẹni ọdún 33. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, bí aago bá ti lu 8:25 lálẹ́, rédíò á dá ètò dúró láti kéde fún gbogbo ìlú pé wákàtí tí Eva Perón jáde láyé nìyí.