Ta Ló Ni Ìbínú Yìí?

  

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nínú ààwẹ̀ èṣí, bí a ṣe fẹ́ ṣínu, omi dà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Mo pariwo mọ́ ọn débi pé àbúrò rẹ̀ sá wọ yàrá. Nígbà tí ilé rọ̀, ó rọra wá bá mi, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ̀yin lẹ bínú yẹn ni, àbí oògùn yín?" Mi ò rí èsì fún un.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ààwẹ̀ yẹn ni ọpọlọ mi wú, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní encephalitis. Kòkòrò àìrí kan ló fà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fa oògùn sí mi níṣan, Ọlọ́hun sì yọ mí. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tó wú lè fi àpá sílẹ̀, àpá yẹn ló sì ń mú kí gìrì máa gbé mi. Wọ́n wá fún mi ní levetiracetam, kí n máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó dá gìrì dúró. Ó tún mú kí orí máa wú mi, kí oorun máa kùn mí lọ́sàn-án, kí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan sì máa mú mi gbaná jẹ. Ìwé inú páálí oògùn náà ò fi pamọ́: ó ka ìbínú àti ìkanra mọ́ ohun tó lè fà.

Dókítà àti áàfáà wa ti fẹnu kò pé kí n má gbààwẹ̀, kí n san án padà bí ara bá le. Èmi wá di ẹni tí kò pa ebi mọ́ra, tí kò sì lè pa ẹnu mọ́, nínú oṣù tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé bí ẹnìkan bá bú wa, ká sọ pé aláàwẹ̀ ni wá. Ó dùn mí. Mo wá ṣe ohun tí kò yẹ. Mo ní ó sàn kí gìrì gbé mi ju kí n máa fi ẹnu na ọmọ mi, ni mo bá dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta mo ṣubú ní ilé ìdáná, lójú ọmọ yẹn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Oògùn gìrì tí a bá já lójijì lè fa gìrì tí kò ní dáwọ́ dúró, ìyẹn sì lè pani.

Nínú hádíìsì Bukhari, Ibn Abbas fi obìnrin adúláwọ̀ kan han Ata ọmọ Abi Rabah, ó ní èrò Alijanna ni. Gìrì a máa gbé obìnrin náà. Ó lọ bá Ànábì pé bí òun bá ṣubú, ara òun a máa ṣí sílẹ̀, kó bá òun ṣàdúà. Ànábì fi méjì lọ̀ ọ́: kó ṣe sùúrù kí Alijanna jẹ́ tirẹ̀, tàbí kí òun tọrọ ìwòsàn fún un. Ó mú sùúrù. Ibẹ̀ la sábà máa ń dá ìtàn náà dúró sí nínú wáàsí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò tíì lọ. Ó ní kó bá òun tọrọ kí ara òun má ṣí sílẹ̀ mọ́, Ànábì sì tọrọ rẹ̀ fún un. Ó gba àìsàn mọ́ra, ó kọ ìtìjú tó ń bá a rìn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé sùúrù rẹ̀ ò pé.

Ìbínú ni ara tèmi tó ń ṣí sílẹ̀. Mo ti rò pé kí n dákẹ́ ni sùúrù. Mo wá pe nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan oògùn tí mo dá dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lamotrigine rọ́pò èyí àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń kánjú fún ni.

Ti ọmọ mi ńkọ́? Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa sọ pé bí ọmọdé bá fọ́ ìkòkò oníkòkò, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n a ó san ìkòkò. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Oògùn ló mú iná yẹn ràn. Ìbínú mi àtijọ́ máa ń kìlọ̀ kó tó dé, èyí ti dé kí n tó mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i, oògùn kọ́ ló kọ́ mi. Mo ti mọ̀ ọ́n sọ tẹ́lẹ̀.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ìdajì-ìdajì, àbí?" Mo ní bóyá. Láti ìgbà náà, òun ló ń fi ago oògùn alẹ́ sórí fóònù mi. Bó bá dún, á gbé omi wá, á sì dúró tì mí títí n ó fi gbé e mì.