Ta Ni Ó Rà Á Lọ́wọ́ Mi?



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn Mísà, ará ìjọ wa kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, mú ìwé àkọsílẹ̀ kan tọ̀ mí wá. Inú rẹ̀ ni ó kọ iye tí òun yóò fi ra ìpín ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní ṣíà, iye tí òun yóò fi tà á bí ó bá mú èrè wá, àti iye tí òun yóò fi tà á kíákíá bí ó bá ń wálẹ̀. Àwòrán ìlà kún inú rẹ̀. Ó ní, "Fádà, ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ ni mo ń ta yìí? Àbí àfọ̀ṣẹ ni?"

Ti àfọ̀ṣẹ ni ó rọrùn jù. Àwọn oníṣòwò ìrẹsì ní Osaka, nílẹ̀ Jàpáánù, ni a gbà pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àbẹ́là ni a ń pe àwọn àwòrán náà nítorí ìrísí wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ wọn kò tó ti orí pẹpẹ. Iye tí ọjà fi ṣí, iye tí ó fi pa, ibi tí ó ga dé àti ibi tí ó rẹlẹ̀ dé: kò ju èyí lọ. Ìyá tí ń ta gàrí ní Bódìjà ń ṣe é nínú orí rẹ̀. A kò bi ẹ̀mí kankan léèrè.

Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Ẹni tí ó ra ìpín ti ra apá kan nínú iṣẹ́ gidi. University Press, tí ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ wa ní Jẹ́ríkò níhìn-ín, wà lára àwọn tí a ń ra ìpín wọn ní ọjà Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á ní ọjọ́ Ajé láti tà á ní Ọjọ́bọ̀ kò bìkítà bóyá ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ tàbí búrẹ́dì ni wọ́n ń yan. Ìjọ Mímọ́ kò ka eré orí-ire sí ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó di ohun tí kò tọ́ nígbà tí ó bá jẹ owó tí ènìyàn ní láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn. Mo bi í pé owó ta ni. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì òun ni. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ó béèrè ohun tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Bí àwòrán bá fi hàn mí pé yóò wálẹ̀, tí mo sì tà, ta ni ó rà á lọ́wọ́ mi?"

Tọ́másì Mímọ́ ti Akuínò yẹ irú ọ̀ràn yìí wò ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Oníṣòwò kan gbé ọkà dé ìlú tí ọkà ti wọ́n. Ó mọ̀ pé àwọn mìíràn ń kó ọkà bọ̀ lẹ́yìn òun. Ṣé dandan ni kí ó sọ? Ẹni mímọ́ náà dáhùn pé òdodo kò fi dandan mú un. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, tàbí bí ó bá dín owó kù, ìwà rere rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Ti olùkọ́ wa tilẹ̀ fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun kò mọ̀, ó kàn ń fojú bù ú ni, olùrà náà sì lè wo àwòrán kan náà. Ẹni tí ó tan irọ́ kálẹ̀ kí owó lè gòkè kí ó tó tà, ti onítọ̀hún yàtọ̀: olè ni.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀ tán. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òǹkà tí a fi ń wọn ọjà náà ju 66,000 lọ. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Owó tí a yá ní báǹkì ni ọ̀pọ̀ fi rà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008 àwọn aláṣẹ pàṣẹ pé iye owó ìpín kankan kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́. Ẹni tí ó ti kọ sínú ìwé pé òun yóò tà bí ó bá dín ìdá mẹ́wàá lè dúró lẹ́nu ọ̀nà láìrí olùrà. Ìlànà dára; ó jọ ìpinnu tí a ń ṣe nígbà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ara balẹ̀ ni a fi ń ṣe é de ọjọ́ ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kò lè pa ẹlòmíràn láṣẹ láti rà. Ẹni tí ó sì ríbi jáde ní ọdún náà, ẹnìkan ni ó gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá olùkọ́ mìíràn tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Mo sọ gbogbo èyí fún un, mo sì ní kí ó fi ìwé náà han ìyàwó rẹ̀ kí ó tó tún ra ohunkóhun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá. Ìyàwó náà ti fi bírò pupa kọ iye kan sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Èyí kò gbọdọ̀ dé Èkó."