Aṣọ Olè Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Ìpànìyàn

Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2000, ọmọdékùnrin kan tí wọ́n bí sí Èkó jáde ní ilé ìkàwé Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Damilola Taylor ni orúkọ rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré kí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìyá rẹ̀ dé ìlú òyìnbó, nítorí wọ́n ń wá ìtọ́jú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wárápá ń bá fínra.

Kò délé. Wọ́n fi ìgò fífọ́ gún un ní itan. Ó rọ́jú dé ibi àtẹ̀gùn ilé kan ní North Peckham, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀. Kò rù ú là. Richard Taylor, bàbá rẹ̀, wà ní Nàìjíríà nígbà tí ìròyìn náà kàn án.

Ta ni ó pa á? Ìwọ náà rò ó wò. Àdúgbò náà kún fún àwọn ọmọ ìta tí wọ́n máa ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ọlọ́pàá mọ̀ wọ́n lórúkọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọkàn èèyàn kì í fẹ́ wádìí mọ́. Òwe àwọn àgbà ló máa ń sáré bọ́ sí wa lẹ́nu: ẹni bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

Ní ọdún 2002, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin wá sí kóòtù Old Bailey pé àwọn ni wọ́n pa Damilola. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lára aṣọ wọn. Orí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá kan ni ẹjọ́ náà dúró lé jù. Ó ní òun rí wọn. Ìwé ìròyìn Daily Mail sì ti kéde £50,000 fún ẹni tí ó bá lè tú àṣírí ìpànìyàn náà.

Dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí ni ọ̀nà ti yà. Ọmọbìnrin yìí lè sọ pé, "N kò rí nǹkan kan." Gbólóhùn kan péré ni. Kò sọ ọ́. Àwọn àgbà tó ń bójú tó ẹjọ́ náà lè sọ pé, "Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò délẹ̀ tó, ẹ jẹ́ ká tún àwọn aṣọ àti bàtà tó wà lọ́wọ́ wa yẹ̀ wò." Àwọn náà kò sọ ọ́. Wọ́n gbé ẹ̀mí tó kú àti òmìnira ọmọ mẹ́rin lé orí ahọ́n kan ṣoṣo.

Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò bẹ̀rẹ̀ sí bi í ní ìbéèrè, irọ́ rẹ̀ ń tú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, adájọ́ sì da ẹ̀rí rẹ̀ nù. Àkọsílẹ̀ fóònù tún fi hàn pé àwọn kan lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà jìnnà sí ibẹ̀ ní àsìkò tí wọ́n gún ọmọ náà. Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún 2002 fi máa parí, gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gba ìdáláre. Bàbá Damilola padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Èyí tó dunni jù nìyí: ẹ̀rí wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú ọmọ náà tí ọlọ́pàá fi gba bàtà àti aṣọ lọ́wọ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Danny àti Rickie Preddie. Ọmọ ọdún méjìlá àti mẹ́tàlá ni wọ́n nígbà náà, ọlọ́pàá sì ti mọ̀ wọ́n sí ọmọ oníwàhálà. Wọ́n yẹ àwọn ẹrù náà wò, wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ Damilola wà lára bàtà ọ̀kan àti ẹ̀wù èkejì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ilé ẹjọ́ dá àwọn méjèèjì lẹ́bi pé ọwọ́ wọn ni ọmọ náà kú sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pète ikú rẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ.

Ṣé o rí i? Orúkọ burúkú mú ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ burúkú kò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀jẹ̀ ló dá wọn lẹ́bi.

Òfin tiwa náà kò sọ ohun tó yàtọ̀. Abala 36(5) nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi. Abala 82 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò sì gbà kí wọ́n kàn gbé ìwà burúkú olùjẹ́jọ́ kalẹ̀ bí ẹ̀rí, àfi ní ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ ní ọmọlúàbí.

Ibi tí a kò bá ti bìkítà fún ẹ̀rí, ikú ló ń tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, àwọn ará Aluu ní ìpínlẹ̀ Rivers lu akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí pé wọ́n pè wọ́n ní olè. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ wádìí bóyá òótọ́ ni. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá kan wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé: Ìjagun, ìlú wa níhìn-ín, ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni. Onílé, akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́kadà àti ọdẹ àdúgbò jọ ń gbé ojú pópó kan náà. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ lóru, ilẹ̀ kò ní í mọ́ tán tí wọn yóò ti dárúkọ ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé, tàbí ọmọ tí wọ́n ti lé kúrò ní ilé ìwé rí.

Ìwọ tí o ti ṣìwà hù sẹ́yìn, má bínú pé orúkọ rẹ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìwọ lo gbin ìfura náà. Fi ẹgbẹ́ burúkú sílẹ̀ lónìí, jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ibi tí o ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí o ń sùn, kí ẹlẹ́rìí rere lè wà fún ọ lọ́jọ́ ìṣòro.

Ìwọ aládùúgbò, fífura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí wọ́n bá dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, apànìyàn gan-an ń rìn káàkiri láàárín yín, ó sì lè tún pa ẹlòmíràn. Bí ojú rẹ bá rí nǹkan, lọ sọ ohun tí o rí fún ọlọ́pàá, má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Bí o kò bá rí nǹkan, má dárúkọ ẹnikẹ́ni.