Orúkọ Tuntun, Gbèsè Àtijọ́

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 27:18-24, 32:22-31, 33:1-11

Bí ọmọge bá ṣègbéyàwó ní Abuja, tó sì fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí lọ́jọ́ tí wọ́n gé kéèkì. Yóò lọ búra ní kóòtù, bóyá ní kóòtù gíga tó wà ní Maitama. Yóò sanwó kí ìwé ìròyìn bá a gbé e jáde. Yóò tún kó ìwé méjèèjì lọ bá àjọ NIMC, àwọn tó ń fún wa ní NIN, kí wọ́n bá a tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Ìkéde inú ìwé ìròyìn yẹn kì í ju ìlà mélòó kan lọ, lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń kéré débi pé àgbàlagbà ní láti wá awò ojú kó tó lè kà á. Lágbájá ọmọ Tàmẹ̀dò ni mò ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti òní lọ, ìyàwó Làkáṣègbè ni mò ń jẹ́. Wọ́n á wá fi gbólóhùn kan tì í nísàlẹ̀: gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì múlẹ̀, kí báńkì àti gbogbo ará ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn ni kí á dúró lé lórí lónìí. Ìwé ẹ̀rí tó gbà nílé bàbá rẹ̀ kò bá orúkọ àtijọ́ lọ. Owó tó yá kó tó lọ́kọ náà kò bá a lọ.

Kí ló wá mú kí ẹni òní jẹ́ ẹni ogún ọdún sẹ́yìn? John Locke, ọ̀mọ̀ràn ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1694 pé ìrántí ni: ohun tí mo bá rántí pé mo ṣe, èmi ni mo ṣe é. Thomas Reid, tó ti ṣe pásítọ̀ ní Scotland kó tó di olùkọ́ ní yunifásítì, fi ìtàn kan ta kò ó ní 1785. Ọmọdé kan jí èso, wọ́n nà án. Ó dàgbà, ó di ọmọ ogun, ó gba àsíá lọ́wọ́ ọ̀tá, ó sì rántí ẹgba tó jẹ. Nígbà tó di ọ̀gágun arúgbó, ó rántí àsíá, ṣùgbọ́n ẹgba ti lọ lórí rẹ̀. Ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n nà nígbà náà ni? Ẹni tó bá ti tọ́jú ìyá tí ogbó ti mú iyè rẹ̀ lọ, tí kò dá ọmọ tirẹ̀ mọ̀ mọ́, kò nílò kí Reid dá a lóhùn.

NIMC, tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀, kò béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni rántí. Ìka mẹ́wàá àti àwòrán ojú ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì fún ọ ní nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 11. Ṣùgbọ́n ẹ wo bíríkìlà kan níwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya ìka. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ ìlà ìka rẹ̀ tán. Ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà bá a nu ọwọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ gíláàsì: "Bàbá, ẹ má tíì gbé e kúrò o." Ẹ̀rọ kọ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó tún kọ̀. Bàbá wá ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹlẹ́rìí tó yí ohùn padà ní kóòtù.

Ísáákì ti fọwọ́ yẹ ènìyàn wò ṣáájú NIMC. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ó sì gbọ́ pé ohùn náà kò bá ọwọ́ mu, síbẹ̀ ọwọ́ ló gbà gbọ́, ọwọ́ tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò. Ó béèrè pé ta ni. Jákọ́bù ní Ésáù ni òun. Ó lo ogún ọdún lọ́dọ̀ Lábánì kí ẹnì kan tó tún bi í ní orúkọ rẹ̀ létí odò Jábókù, lóru. Lọ́tẹ̀ yìí ó sọ òótọ́: Jákọ́bù. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ tuntun, Ísírẹ́lì.

A fẹ́ràn láti wàásù dé ibẹ̀ yẹn, ká sì kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí 33. Ilẹ̀ mọ́, Ésáù ń bọ̀ pẹ̀lú 400 ọkùnrin. Ísírẹ́lì kò sọ pé, "Jákọ́bù ló rẹ́ ọ jẹ, èmi kọ́." Ó ń tiro lọ bá a, ó wólẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ó ti fi ẹran tó lé ní 500 ránṣẹ́ ṣáájú. Ìbùkún ló jí gbà. Ìbùkún ló ń bẹ Ésáù pé kó gbà lọ́wọ́ òun.

Ìlú tí a wà yìí náà gba orúkọ. Abuja ni ìlú àtijọ́ tí à ń pè ní Suleja lónìí ń jẹ́, kí ìjọba tó mú orúkọ náà fún olú-ìlú tí òfin Murtala Muhammed dá sílẹ̀ ní February 1976. Nígbà tí ìjọba fi máa kó dé ní December 12, 1991, wọ́n ti ṣí ọ̀pọ̀ Gbagyi nípò kúrò lórí ilẹ̀ tí àwọn baba wọn ti ń dáko. Títí dòní ni àwọn ọmọ wọn ń béèrè owó ìtanràn, àwa sì ń ṣe ìṣọ́ òru lórí ilẹ̀ náà.

Irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Arákùnrin kan á dìde lọ́jọ́ ẹ̀rí, á sọ bí òun ṣe kó owó àjọ jẹ kí òun tó mọ Jésù. A ó pàtẹ́wọ́. Obìnrin tí arákùnrin yìí gbé owó rẹ̀ sálọ ṣì wà ní Nyanya, ó ń ta ẹ̀pà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, arákùnrin náà á ní ẹni àtijọ́ ti kú. Ó rántí rẹ̀ dáadáa nígbà tó di ẹ̀rí jíjẹ́. Ìgbà tó di owó sísan ló di ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn tí Ọlọ́run yí Ábúrámù padà sí Ábúráhámù, kò tún fi orúkọ àkọ́kọ́ pè é mọ́. Ti Jákọ́bù yàtọ̀. Nígbà tó di arúgbó, tí ẹ̀rù Íjíbítì ń bà á, Ọlọ́run pè é lóru, ẹ̀ẹ̀mejì, Jákọ́bù ló sì pè é. Ó dáhùn. Ọlọ́run sì ṣèlérí pé òun yóò bá a lọ.

Àdúrà: Olúwa, o mọ orúkọ tí mò ń jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́, o sì mọ ẹni tí mo jẹ ní gbèsè nígbà náà. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Fún mi ní ìgboyà láti pè é kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Àmín.