Ta Ló Ni Ìmọ́lẹ̀ Orí Òrùlé?

Bí ènìyàn bá dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìkòtún, tó wo àwọn òrùlé tó lọ bẹẹrẹ títí dé apá Ìgándò, yóò rí i pé táńkì omi ti ní alábàágbé lókè. Páńẹ́lì sólà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, méjì níbí, mẹ́fà lọ́hùn-ún, nígbà mìíràn ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ òrùlé ilé olójúkojú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti sọ̀rọ̀ tó nípa iye owó rẹ̀ àti bí a ṣe ń yan bátìrì. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò jẹ mọ́ ìwà àti ìgbàgbọ́: nígbà tí ilé kan bá mọ́lẹ̀ láàárín ogún ilé tó ṣókùnkùn, ǹjẹ́ onílé náà jẹ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní gbèsè kankan? Àwọn kan ní kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òógùn ojú rẹ̀ ló fi rà á. Àwọn mìíràn ní ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fún ẹnìkan, gbogbo ènìyàn ló fún. Èrò tèmi ni pé gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, pé gbèsè náà ní ààlà, àti pé bí ohun èlò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ló ń fi ààlà náà hàn wá.

Ìbéèrè náà kò tíì pẹ́ láàárín wa. Iná mànàmáná ti ń tàn ní Èkó láti ọdún 1896, ṣùgbọ́n ọwọ́ aláṣẹ ló ti máa ń wá. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe lọ́dún 1964 ni wọ́n gbé síwájú oríléeṣẹ́ iná ìjọba ní Mẹ́rìnà, ó sì bá a mu gan-an: agbára kan tó ń dé nígbà tó bá wù ú, tí gbogbo wa jọ ń gbójú sókè dè. Ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòtún àti Ìgándò wà, níbi tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka 1,277,714 ènìyàn, ìdúródè náà pẹ́. Òkùnkùn àjọjẹ ni. Ayọ̀ àjọyọ̀ sì ni "Up NEPA!" tí àwọn ọmọdé ń pariwo rẹ̀ láti òpópónà dé òpópónà. Bí tirańsífọ́mà bá jó, àwọn onílé a pe ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, wọ́n a bu owó lé ilé kọ̀ọ̀kan lórí, wọ́n a sì jọ ra òmíràn. Nínú gbogbo ìnira yẹn, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti béèrè ohun tí ẹni tó ní jẹ ẹni tí kò ní, torí a jọ ń ní i ni, a sì jọ ń ṣàìní i. Ìgbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń mójú tó iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan, pẹ̀lú ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Àwọn tó wà ní Band D kò ní ìlérí tó ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Ìmọ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń pín láti àdúgbò sí àdúgbò. Sólà ti pín in síwájú sí i, láti òrùlé sí òrùlé.

Ẹnìkan lè sọ pé jẹnẹrétọ̀ ti pín wa kí sólà tó dé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ kékeré tí gbogbo ìlú ń pè ní "I better pass my neighbour" ń fi ariwo àti èéfín ránṣẹ́ sí ojú fèrèsé ẹlòmíràn kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó dé inú yàrá olówó rẹ̀. Èéfín náà ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí kò ní òórùn, tó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú oorun ní ilẹ̀ yìí. Lẹ́yìn èyí, ohun tí jẹnẹrétọ̀ bá fi fún ẹnìkan, ara ẹni tó ni ín ló ti yọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó pẹtiróòlù kúrò lábẹ́ ₦200 fún lítà kan, ó sì sún mọ́ ₦1,000 ní Èkó kí ọdún 2024 tó parí. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó kọ̀ láti fa wáyà jẹnẹrétọ̀ sí yàrá kejì wí? Ẹni tó fi sólà rọ́pò rẹ̀ ti ṣíwọ́ ìpalára, ìyẹn sì tóbi, nítorí pé àti nínú Ìsìláámù àti nínú ẹ̀sìn Kírísítì, àìṣe aládùúgbò níbi ló ṣáájú ṣíṣe é lóore. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣíwọ́ ibi kò tíì ṣe oore. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìwé mímọ́ tí Alímọ̀ṣọ́ ń kà jù, tí a bá kọ́kọ́ wò wọ́n, ó dà bí ẹni pé wọ́n takora lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Mátíù orí 25, àwọn wúńdíá márùn-ún tó gbọ́n kọ̀ láti fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní òróró, wọ́n ní kò ní tó àwa àti ẹ̀yin. Ọ̀pọ̀ oníwàásù kì í dúró pẹ́ níbẹ̀, torí ó le létí ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní ìfẹ́. Síbẹ̀ Jésù pè wọ́n ní ọlọ́gbọ́n. Nínú Kùránì ẹ̀wẹ̀, súrà Al-Ma'un bá àwọn tó ń kírun ṣe àṣehàn wí, tí wọ́n sì ń fi ohun èlò kékeré du ọmọnìkejì wọn. Àwọn onítúmọ̀ sọ pé irú ohun bí ìkòkò, garawa àti àáké ni. Hàdíìsì kan tó wà nínú àkójọ Abu Dawud tún ka iná mọ́ ohun mẹ́ta tí ènìyàn jọ ni ín, pẹ̀lú omi àti koríko. Àwọn baba wa náà mọ èyí kí ìwé tó dé. Obìnrin tí iná ààrò rẹ̀ kú a rán ọmọ pẹ̀lú àpáàdì lọ sí agbo ilé kejì láti bu ẹ̀yín iná wá. Kò sẹ́ni tó gba owó lọ́wọ́ ọmọ náà, nítorí ààrò tí wọ́n bu ẹ̀yín nínú rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kú. Ṣé wúńdíá ọlọ́gbọ́n ni kí onísólà fara wé ni, tàbí ìyá tó ń fún ọmọ ní ẹ̀yín iná?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ilé kan tí kò tóbi, tó ní páńẹ́lì 450W méjì, bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V, 220Ah, àti ìnfátà kékeré. Bátìrì yẹn gba 2,640Wh lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fà á kọjá ìdajì lálaalẹ́ ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, nítorí náà 1,320Wh ni òru ní. Fáànù onídùúró méjì tó ń jẹ 60W lọ́kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́jọ ti gbé 960 lọ. Gílóòbù 9W mẹ́rin fún wákàtí márùn-ún gba 180, tẹlifíṣọ̀n 60W fún wákàtí méjì gba 120. Ó ti di 1,260, ìnfátà fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ ìyókù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí aládùúgbò lè mú láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ilé làágùn mọ́jú. Òróró àwọn wúńdíá nìyẹn, ọ̀gànjọ́ òru sì ni igbe ta nínú ìtàn wọn. Ẹni tó bá sọ pé kò tó mi àti ìwọ ní aago méjìlá òru kò ṣahun. Ìṣirò ló ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìṣirò náà yí padà. Ní ọjọ́ tó dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn Èkó a máa fún páńẹ́lì ní agbára tó dọ́gba pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin tó mú kíkankíkan. Bí a bá yọ ohun tí eruku, ooru àti wáyà ń jẹ, páńẹ́lì méjèèjì lè ṣe nǹkan bí 2,700Wh. Bátìrì fẹ́ nǹkan bí 1,600 láti kún padà, ilé a sì lo bí 300 lọ́sàn-án. Kí ọ̀sán tó pọ́n kọjá, bátìrì ti ń kún, ẹ̀rọ tó ń darí iná sínú rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín ohun tó ń gbà lọ́wọ́ páńẹ́lì kù. Nǹkan bí 800Wh tó yẹ kó wá kò ní wá rárá. Wọn kò tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ de ọ̀la, kò sì sí ọmọ kankan tí yóò jogún rẹ̀. Fóònù ńlá kan kì í gbà ju nǹkan bí 25Wh lọ kó tó kún. Iná tó tó ọgbọ̀n fóònù, lójúmọ́, ní ń ṣòfò lórí òrùlé yẹn, nígbà tí aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé ń fi fóònù tó ti kú wá ibi tí wọ́n ti ń fi owó gba iná sí i kiri ọjà Ìkòtún. Ẹ̀yín iná nìyí. Mo gbà pé fífún un kọjá sàráà. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni, nítorí ẹni tó fi du ọmọnìkejì rẹ̀ kò dáàbò bo ohun ìní kankan. Mátíù 25 àti Al-Ma'un kò takora, wákàtí tí oníkálukú wọn ń sọ nípa rẹ̀ ló yàtọ̀. (Láàárín òru, gílóòbù 5W kan lẹ́nu géètì ni mo yọ sílẹ̀: láti àṣálẹ́ dé òwúrọ̀ kò gbà ju 60Wh lọ, gbogbo òpópónà ló sì ń fi ríran.)

Ẹni tó ra á yóò sọ pé owó àjọ ọdún méjì lòun fi rà á, pé kò sẹ́ni tó bá òun dá a. N kò jiyàn. Òun ló ni páńẹ́lì, òun ló ni bátìrì, kò sì sí ohun tí mo sọ tó gba ọ̀kankan nínú wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn rẹ̀: Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe iná tí kò ju 1MW lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti ní nǹkan kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti fi ṣòfò lójú ẹni tó nílò rẹ̀. Àtakò tó tún lágbára jù ni pé bí o bá gba fóònù lónìí, áyọ́ọ̀nù ni wọn yóò gbé wá lọ́la. Ìyẹn náà rí bẹ́ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù kan lè gba 1,000W lẹ́ẹ̀kan, ìnfátà kékeré a sì kú fin-ín. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ààlà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀sán títí di aago mẹ́rin, fún fóònù, tọ́ọ̀ṣì àti kílípà onígbàjámọ̀, ti tó. Fífa wáyà láti ilé dé ilé kò sí nínú rẹ̀, torí irú wáyà bẹ́ẹ̀ ti sun ilé rí. Ẹni tó kọ áyọ́ọ̀nù, tó gba fóònù, ti san gbèsè ọ̀sán rẹ̀ tán.

Àtakò tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ní sólà ń tú àdúgbò ká. Wọ́n ní àwọn tó lówó, tó lè kọ̀wé, tó lè bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ iná sọ̀rọ̀, ni ìpàdé CDA ń gbára lé. Tí ilé wọn bá ti mọ́lẹ̀, wọn kò ní wá mọ́, àwọn tó kù yóò sì máa dá owó tirańsífọ́mà nínú àìní. Mo gbà pé ewu yìí wà. N kò gbà pé ojútùú rẹ̀ ni kí a jọ jókòó sínú òkùnkùn: òkùnkùn ilé mi kò tan iná sí ilé ẹnikẹ́ni. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé onísólà ní gbèsè kejì, ó gbọ́dọ̀ máa san owó àdúgbò, kó sì máa jókòó nípàdé bí ẹni tí kò ní sólà. Páńẹ́lì méjì kò lè gbé fíríìsà ẹlẹ́ja yìnyín ní ọjà Ìkòtún, kò lè gbé ẹ̀rọ wẹ́dà ní Ẹgbẹ́dá, kò sì lè gbé yàrá iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgándò. Àwọn wọ̀nyẹn ṣì nílò iná gbogboogbò, ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé. Ẹni tó kúrò ní ìpàdé nítorí pé fáànù tirẹ̀ ń yí ti sọ ohun tó rà di ohun tí orúkọ jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ń sọ.

Gbèsè ọ̀sán máa ń dín kù pẹ̀lú òjò. Ní oṣù keje, tí ìkùukùu bá bo ojú ọjọ́ láti àárọ̀, bátìrì lè má kún rárá, kò sì sí àṣẹ́kù. Onísólà tó ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nígbà náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Gbèsè kan wà tí òjò kì í dín kù, àwọn tí a jẹ ẹ́ kò sì sí ní àdúgbò wa. Bátìrì olómi ní òjé nínú, bó bá sì kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹni tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń pariwo pé òun ń ra bátìrì kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù, ni ọ̀pọ̀ ń tà á fún. Ásíìdì rẹ̀ a di dídà sínú gọ́tà. Òjé rẹ̀ a lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ní Ogijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2025 fi hàn pé òjé ti wọ ara ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé àyíká náà, tọmọdé tàgbà, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ láìní àtúnṣe. Ìdílé tó wà níbẹ̀ kò gba iná sí fóònù kankan lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká bátìrì lítíọ́ọ̀mù, kó rà á. Kò ní òjé, ó sì ń pẹ́ ju olómi lọ. Ẹni tó bá jẹ́ olómi lagbára rẹ̀ ká, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kó tó sanwó, bóyá yóò gba òkú rẹ̀ padà lódindi pẹ̀lú ásíìdì nínú rẹ̀, kó sì gbé e padà fún un nígbà tó bá kú, bí iye tí yóò rí gbà kò bá tilẹ̀ tó ti ọlọ́mọlanke.