Ṣéènì Tuntun, Eyín Àtijọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí à ń gun ọ̀kadà kì í sábà bi ara wa: kí ni a jẹ èèyàn ní gbèsè nínú ohun tí kò lè fojú rí? Ọ̀rọ̀ ńlá ló jọ, àmọ́ ibi kékeré la ti fẹ́ mú un, lára ṣéènì àti sprọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n tún fi 4 kún un. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò sí nínú wọn. Torí náà, láti Sábó dé Ìjẹ̀dẹ̀, láti Ìmọ̀tà gba Itókín títí wọ Ẹ̀pẹ́, ọ̀kadà ló ṣì ń gbé akẹ́kọ̀ọ́, ẹlẹ́ja àti aláboyún wọ àdúgbò tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrọ̀fọ̀ nígbà òjò: àwọn méjèèjì ló ń jẹ ṣéènì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Hans Renold, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń gbé ní Manchester, ló gbé irú ṣéènì yìí jáde ní ọdún 1880. Nínú ṣéènì 428 tó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa, 12.7 mílímítà ló wà láàárín pín-ìn kan sí ìkejì. Bí o bá wọn oríkèé 20 nígbà tó wà ní tuntun, 254 mílímítà ni wàá bá. A máa ń sọ pé ṣéènì "ti fà", àmọ́ irin kì í fà bíi rọ́bà. Pín-ìn àti ihò tó ń yí nínú rẹ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo á ṣí nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á wá gùn. Ṣéènì tó ti gùn kì í jókòó dáadáa sáàárín eyín mọ́. Á máa gun orí eyín, eyín náà á máa jẹ, títí á fi tẹ̀ bí èékánná àṣá. Wọ́n jọ gbó ni, wọ́n sì ti jọ ba ara wọn jẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Owó ọwọ́ ọlọ́kadà tó ṣéènì nìkan. "Ọ̀gá, ẹ bá mi yí ṣéènì yẹn, ẹ fi sprọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó ṣì máa gbé e." Mẹkáníìkì wo eyín, ó rí i pé ó ti lọ. Bó bá sọ òótọ́, oníbàárà lè kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Bó bá dákẹ́, owó ti wọlé, oníbàárà á sì padà wá láìpẹ́, torí pé eyín tó ti tẹ̀ máa jẹ ṣéènì tuntun yẹn kíákíá. Àbí ẹ ò rí i? Ìdákẹ́ náà lérè.

Àwọn kan á ní, "Ṣé irọ́ ló pa ni? Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe." Òótọ́ ni pé kò purọ́. Ṣùgbọ́n nínú àṣà wa, ọmọlúàbí kì í ṣe ẹni tí kì í purọ́ nìkan. Ẹni tó rí ihò lójú ọ̀nà, tó sì wo ọmọ ẹlòmíì bó ṣe ń rìn bọ́ sínú rẹ̀, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa pè é ní èèyàn rere?

Ṣéènì tó já lórí eré lè wé mọ́ sprọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, kó sì há táyà ẹ̀yìn pa lójijì. Ọlọ́kadà lè mọ̀ pé ó ń bọ̀, ó ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Èrò kò mọ nǹkan kan. Ìdérí bo ṣéènì, ìdérí bo eyín iwájú. Gbogbo ohun tí èrò ní ni ìgbẹ́kẹ̀lé, ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn la sì ń ná nígbà tí a bá ní "ó ṣì máa gbé e."

"Bówó ò bá tó ńkọ́?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwáwí, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló jẹ́ pé ọ̀kadà ọlọ́kadà ni wọ́n ń gùn, tí wọ́n ń jíṣẹ́ owó lójoojúmọ́. Èrò tiwọn kì í ṣe pé ẹ̀mí èèyàn kò já mọ́ nǹkan. Ọ̀la ọmọ ló wà lọ́kàn wọn. Èrò tiwa ni pé àìlówó lè dá àtúnṣe dúró, kò lè sọ ìbòmọ́lẹ̀ di ohun tó tọ́. Bí eyín kò bá tíì tẹ̀, tí ṣéènì kò sì tíì gùn jù, fún un bó ṣe yẹ, fi ọ́ìlì sí i, rọra sáré, máa tọ́jú owó títí wàá fi ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti tẹ̀, má gbé èèyàn lé e.

Ẹrù yìí kì í sì í ṣe ti ọlọ́kadà nìkan. Ẹni tó ń gba owó ọ̀kadà lójoojúmọ́, tó sì ní pátì kò kan òun, ṣéènì yẹn kàn án. Àwa èrò tí à ń na owó títí kò fi ní sí èrè, ó kàn wá náà.

Tówó bá wá dé, nọ́ńbà tó wà lára ṣéènì ni kó o wò, kì í ṣe bó ṣe ń dán. Ka eyín sprọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì àti oríkèé ṣéènì àtijọ́ kó o tó ju wọ́n nù, kí tuntun lè bá wọn mu. Wo àmì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì táyà ẹ̀yìn, kí wọ́n dọ́gba. Ẹnu kílíìpù tó là, ẹ̀yìn ni kó kọ sí bí ṣéènì ṣe ń yí. Orí tó dí ni kó ṣíwájú. Má fà á le jù. Ìwé ọ̀kadà rẹ á sọ ìwọ̀n tó yẹ kó fi mì.

Ìlú wa fẹ́ràn kí wọ́n máa yí ohun kan ṣoṣo tó ń dán: alága tuntun nínú ẹgbẹ́ àtijọ́, ọ̀dà tuntun lára ilé tó ti là. Ṣéènì kọ́ wa pé ohun tuntun tí a so mọ́ ohun tó ti bàjẹ́ kì í tún un ṣe. Àtijọ́ yẹn ló máa kọ́ tuntun ní ìwà. Kí mẹkáníìkì sọ ohun tó rí, kí ọlọ́kọ̀ gbà láti gbọ́ ọ, kí ẹni tó ń gba owó dá sí i. Ìyẹn ni gbèsè tí a jẹ ẹni tó jókòó sẹ́yìn.