Ó Ha Tọ́ Kí A Wádìí Ọmọ Inú?

Ní ayé àwọn baba wa ní Rẹ́mọ, bí ọmọ bá ń kú léraléra mọ́ ìyá kan lọ́wọ́, àbíkú ni a ń pè wọ́n. A sì ń sọ wọ́n ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé. Lónìí a mọ̀ pé àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fònìkú-fọ̀ladìde ni ó pa púpọ̀ nínú wọn. Bí baba àti ìyá bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìpín 1 nínú 4 láti di ọmọ SS, tí í ṣe alárùn náà.

Àwọn oníṣègùn lè mọ èyí kí a tó bí ọmọ. Láti ọ̀sẹ̀ 15 oyún, wọn a fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi tí ó yí ọmọ ká. Ní Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní 1999 nípa iṣẹ́ tí ó jọ èyí. Díẹ̀ nínú ibi ọmọ ni wọ́n mú wò. Bí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ bá ṣe é, nínú 100 oyún, èyí tí ń tìdí rẹ̀ bàjẹ́ kò pé 1. Ṣùgbọ́n lójú ìyá tí ó bá kàn, gbogbo rẹ̀ ni.

Ó ha tọ́ bí? Abẹ́rẹ́ yìí kì í wo àrùn sàn. Ohun tí ó wà ni ó ń sọ. Òfin ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìhà gúúsù Nàìjíríà kò sì gbà kí a ṣẹ́ oyún, àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là. Bí ẹnì kan bá wí pé kìkì láti múra ìtọ́jú sílẹ̀ ni òun fi ń wádìí, a ó dá a lóhùn pé a lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò ní kété tí a bá bí i, láìfi oyún wewu. Nítorí náà, kí olúkúlùkù bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò fi ìmọ̀ náà ṣe. Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ dá ìyá tí ó ti sin ọmọ méjì lẹ́bi. Ẹni tí kò ru ẹrù kò mọ ìwúwo rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Òkèèrè ọ̀rọ̀ yìí ni ìgbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin kò ì tí ì fẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó. Ó dára, ṣùgbọ́n ọkàn ti so mọ́ ọkàn nígbà náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti níbi gbogbo, ẹ tètè kọ́ àwọn ọmọ yín ní èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹnu yín bí ẹ ti ń kọ́ wọn. Bí a ti ń jiyàn lórí ọmọ tí a kò ì tí ì bí, ọmọ SS kan lè jókòó ní kíláàsì, kí ó máa gbọ́. Kí ó má ṣe ti ẹnu wa gbọ́ pé ì bá sàn kí a má bí òun. Ọlọ́run ni ó dá òun náà.